Ta ló fún wọn ní orúkọ mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àkọsílẹ̀ aláìsàn àti àyẹ̀wò aráàlú

Ìwé kan dé láti ọ́fíìsì tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó ní ó ti tó àkókò kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò. Ara yín le, ẹ kò sì bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni pé, "Ta ló fún wọn ní orúkọ mi?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. A to òun àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń rìn sísàlẹ̀ yìí, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò aráàlú?

Bí inú bá ń run yín, tí ẹ lọ bá dókítà, tó ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé ara yín lọ. Ti àyẹ̀wò aráàlú yàtọ̀. Ètò ìlera ló ń wá àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá lọ, kí ọwọ́ lè tètè tẹ àrùn tí kò tíì fara hàn. Jẹjẹrẹ ọmú, jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, jẹjẹrẹ ìfun, ẹ̀yìn ojú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun: irú wọn nìyẹn.

Gbogbo àrùn kọ́ ló yẹ fún un. Ní ọdún 1968, Wilson àti Jungner to ìlànà mẹ́wàá kalẹ̀ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO. Wọ́n ní àrùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń yọ aráàlú lẹ́nu, kí ìtọ́jú rẹ̀ wà, kí àyẹ̀wò rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn lè gbà. Ìlànà tó kẹ́yìn nínú wọn ní wíwá àrùn kiri gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àṣetúnṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n á ṣe lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì palẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ti wọlé, torí ẹni tó máa pè yín lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó pè yín kẹ́yìn.

Kí ló dé tí wọn kì í kàn pariwo rẹ̀ lórí rédíò, kí ẹni tó bá wù ú lọ?

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń tètè jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ti mọ̀ nípa àrùn náà, tí wọ́n ráyè, tí ọsibítù sì sún mọ́. Àwọn kan náà á máa ṣe é léraléra, nígbà tí ẹni tí kò ṣe é rí kò ní ṣe é títí àrùn á fi wọlé dé.

Finland ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń tọ́ka sí. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń ṣètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ níbẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ pe obìnrin kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé orúkọ aráàlú. Wọ́n sì ti ní rẹ́jísítà jẹjẹrẹ, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ bá mú sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá làálàá wọn ń so èso. Iye obìnrin tí jẹjẹrẹ yìí ń pa níbẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tún wà níbẹ̀. Ní 2020, WHO ní kó tó di 2030, kí 70 nínú 100 obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò tó péye fún jẹjẹrẹ yìí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 35, kí wọ́n sì tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45. Ẹni tí kò mọ iye obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, tí kò sì mọ àwọn tó ti ṣe é nínú wọn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti dé 70 tàbí òun ṣì wà ní 20? Iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nìkan ló máa rí kà, obìnrin kan ṣoṣo sì lè ti ṣe mẹ́ta nínú rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ wo gan-an ló ń kúrò lọ́wọ́ dókítà mi?

Ó yẹ kó kéré ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Láti pè yín, ìlà kan ti tó: orúkọ, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà tí ètò ìlera fi dá yín mọ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà kẹ́yìn àti èsì rẹ̀. Tí ìdí kan bá wà tí kò fi yẹ kí wọ́n pè yín, ìyẹn náà á bá a lọ.

Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n pèèyàn yìí, ọ̀pọ̀ kì í rò ó rárá. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀ tòun ti ẹnu rẹ̀. Bí ọsibítù tó ṣiṣẹ́ abẹ náà kò bá jẹ́ kí ọ́fíìsì ètò àyẹ̀wò gbọ́, ìwé á dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé kó wá ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, òmíràn á sì tún tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣì ń ro ti ọmọ tí kò lè bí mọ́ ni wọ́n ń fi lẹ́tà gún lójú egbò bẹ́ẹ̀. Ti òkú tún burú jù: kí lẹ́tà dé ilé opó pé kí ọkọ rẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun, ní oṣù kẹrin tí wọ́n ti sin ín, tó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ìfun gan-an ló pa á. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì sí àṣírí tó tú. Àkọsílẹ̀ tí kò dé ibi tó yẹ kó dé ló fà á.

Ìyókù fáìlì yín kò gbọ́dọ̀ bá ìlà yẹn lọ: ohun tí ẹ sọ fún dókítà nípa ìgbéyàwó yín, oògùn tí ẹ lò nígbà tí ọkàn yín kò balẹ̀, oyún tó bàjẹ́, àìsàn tí kò kan ọ̀rọ̀ náà. Bí ètò kan bá ní òun nílò odidi fáìlì kí òun tó lè kọ lẹ́tà, ẹ bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àwọn ètò kan sì wà tó jẹ́ pé wíwà nínú ìwé orúkọ wọn ti tú àṣírí èèyàn. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ nìkan ni wọ́n ń pè fún àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú yẹn; àwọn tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí ni wọ́n ń pè fún ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ti rí orúkọ yín níbẹ̀ ti mọ nǹkan kan nípa yín láìṣí fáìlì kankan. Irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ gba ìṣọ́ra ju èyí tí wọ́n fi ọjọ́ orí nìkan kó jọ lọ.

Ṣé kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ mi?

Àṣẹ méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ láti fọwọ́ kan ara yín: láti gba ẹ̀jẹ̀, láti ya àwòrán ọmú, láti fi ẹ̀rọ wo inú. Ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn, ẹ sì lè yí ọkàn padà kódà nígbà tí ẹ bá ti wà lórí ibùsùn àyẹ̀wò.

Èkejì ni àṣẹ láti fi orúkọ yín sínú ìwé ìpè. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ló gbé èyí fún ètò ìlera, wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn nílẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2018, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Síbẹ̀ ó fàyè sílẹ̀ fún ìlera aráàlú, níwọ̀n ìgbà tí òfin bá ti sọ ààlà rẹ̀. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 náà ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, lára àwọn ìgbà tó sì ní wọ́n lè sọ ọ́ jáde ni bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí bí pípa á mọ́ bá máa kó aráàlú sínú ewu ńlá.

Ìdí tí òfin fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó yé. Kí wọ́n tó lè kọ̀wé béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín, orúkọ àti àdírẹ́sì yín á ti wà lọ́wọ́ wọn ná. Mo fara mọ́ ọn fún ti ìwé ìpè. Bí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ kan náà ṣe nǹkan mìíràn, kí wọ́n wá àṣẹ mìíràn lọ.

Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n má lo àkọsílẹ̀ mi fún ìwádìí. Kí ló dé tí ìwé ìpè ṣì ń wá?

Ọ̀tọ̀ ni ìwádìí, ọ̀tọ̀ ni ìpè. Ní England, láti 2018 ni ẹnikẹ́ni ti lè ní kí wọ́n má lo àkọsílẹ̀ òun fún ìwádìí àti ìṣètò, ètò náà sì sọ ọ́ kedere pé ìwé ìpè fún àyẹ̀wò bíi ti jẹjẹrẹ ìfun á ṣì máa dé. Wọ́n ka ìpè mọ́ ìtọ́jú ara yín. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìpè dúró gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn lọ́tọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè jáde?

Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò náà tàbí kí ẹ sọ fún dókítà yín. Wọ́n lè ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tó fi hàn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń kọ̀. Orúkọ yín kò ní parẹ́ tán o: ìlà kan á ṣẹ́ kù tó ní "ẹ má pè é", torí bí wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ìgbà tí wọ́n bá tún kó orúkọ jọ, tiyín á tún bọ́ sí i. Ẹ lè padà nígbà tó bá wù yín, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ fi ìtọ́jú mìíràn dù yín.

Àwọn wo ló ń rí orúkọ mi lójú ọ̀nà?

Wọ́n pọ̀. Ọ́fíìsì tó ń pè yín á rí orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ lẹ́tà á rí orúkọ àti àdírẹ́sì. Lábù á rí nọ́ńbà tó wà lára ìgò àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Dókítà tó ń ka àwòrán á rí àwòrán tòní àti tàná. Dókítà yín á rí èsì. Ètò tó mọ́ lọ́wọ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí ju ibi tó kàn án lọ.

Ẹ wo àpòòwé náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ "Ọ́fíìsì Àyẹ̀wò HIV" sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa mọ́ dáadáa kò wúlò mọ́, torí ẹni tó mú lẹ́tà wá àti ẹni tó bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn ti kà á. Àpòòwé lásán, tí kò sọ ju àdírẹ́sì ìdápadà lọ, ló yẹ.

Ní tèmi, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni mo bẹ̀rù jù. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ yín ni: àna yín, aládùúgbò yín, ẹni tí ẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ fà sẹ́yìn, tó wá tẹ orúkọ yín wò. Pásíwọ́ọ̀dù kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, òun ló ni ín. Ohun tó ń dá a dúró ni kí ó mọ̀ pé wọ́n á rí òun. Ní Estonia, aráàlú lè wọ ojú òpó ìlera orílẹ̀-èdè náà kó sì rí àwọn tó ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ètò tí ń pè yín kò bá lè fi irú èyí hàn yín, ó kéré tán kí ó lè sọ ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣí i fún yín.

Ṣé agbanisíṣẹ́ mi tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lè rí i?

Kò yẹ kí wọ́n rí i láti ọwọ́ ètò àyẹ̀wò. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń gbà: wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, nínú èyí tí ẹ ti ń gbà wọ́n láyè láti béèrè ìròyìn ìlera yín lọ́wọ́ dókítà. Ẹ kà á dópin kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní wọ́n ti yọ orúkọ kúrò. Ṣé ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé èmi ni mọ́?

Ó lè mọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n jẹ́ kí àwọn olùwádìí rí àkọsílẹ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò. Gómìnà ìgbà náà, William Weld, fi aráàlú lọ́kàn balẹ̀ pé àṣírí wọn kò ní tú. Latanya Sweeney, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn, ra ìwé orúkọ olùdìbò ìlú Cambridge, níbi tí gómìnà ń gbé, ní 20 dọ́là. Ó mú ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò nínú ìwé méjèèjì, ó fi wọ́n wé ara wọn, ó sì fa àkọsílẹ̀ gómìnà fúnra rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ló ṣírò rẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta yẹn nìkan lè dá nǹkan bí 87 nínú 100 èèyàn mọ̀ yàtọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, yíyọ orúkọ kúrò kò tíì parí iṣẹ́. Wọ́n lè fi "ọdún 50 sí 54" rọ́pò ọjọ́ ìbí. Bí èèyàn méjì péré bá ní àrùn kan ní abúlé kan, kí wọ́n má tẹ "2" jáde, torí gbogbo abúlé ló máa mọ àwọn méjèèjì. Èyí tó dára jù lójú mi ni kí àkọsílẹ̀ má kúrò níbi tó wà rárá, kí olùwádìí wá bá a níbẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé ní láíbìrì tí kò lè gbé e lọ sílé. Ètò OpenSAFELY tí wọ́n dá sílẹ̀ ní England ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, ń ṣe é bẹ́ẹ̀: olùwádìí á fi ìlànà ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á ṣe é níbi tí àkọsílẹ̀ wà, iye àròpọ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò nìkan ló ń jáde. Wọ́n tún kọ gbogbo ohun tí olùwádìí ní kí kọ̀ǹpútà ṣe síta, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fún mi ní èsì, kí ni wọ́n tún ń fi àkọsílẹ̀ mi ṣe?

Iṣẹ́ méjì tó ṣe kókó, a kì í sì í sábà rí wọn.

Èyí àkọ́kọ́ ni láti má jẹ́ kí èèyàn bọ́ sọnù. Bí èsì yín bá mú ìfura dání, ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀ bóyá ẹ padà wá fún àyẹ̀wò kejì. Ẹlòmíràn kò rí lẹ́tà, ẹlòmíràn rí i tí ẹ̀rù bà á tó fi í pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ọ́fíìsì ètò àyẹ̀wò kò bá rí ìròyìn gbà padà láti ọsibítù tí wọ́n rán an lọ, á rò pé ó ti lọ. A ò lè pe ètò bẹ́ẹ̀ ní ètò ìlera; ó sọ fún èèyàn pé nǹkan wà lára rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Èkejì ni láti mọ ohun tí àyẹ̀wò náà kò rí. Obìnrin kan ya àwòrán ọmú, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó. Ó lọ sí ọsibítù mìíràn ní ìlú mìíràn, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ọsibítù yẹn mọ̀, rẹ́jísítà jẹjẹrẹ náà mọ̀. Ẹni tó ka àwòrán àkọ́kọ́ kò mọ̀ nǹkan kan, títí wọ́n á fi so orúkọ inú rẹ́jísítà mọ́ orúkọ inú ìwé àyẹ̀wò. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé àwòrán àtijọ́ jáde, tí àwọn dókítà á tún un kà: ṣé kókó náà wà níbẹ̀ tí ojú fò ó, àbí kò tíì sí nígbà náà? Láìsí èyí, ètò tí ojú ń fo ìdajì àrùn á máa yin ara rẹ̀ pé òun ń ṣe dáadáa. Mo mọ̀ pé ìsopọ̀ orúkọ báyìí máa ń kọ àwọn èèyàn lóminú. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ ṣe, èyí ni mo lè gbè lẹ́yìn láìmikàn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ń wọlé sórí fóònù tí gbogbo wa ń lò nílé ńkọ́?

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n máa kọ "ẹ pè wá" nìkan. Kò yẹ kí èsì wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rárá. Bí nọ́ńbà yín bá ti yí padà, ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nítorí nọ́ńbà tí ẹ jù sílẹ̀ lè ti di ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi tí wọ́n kán sórí páálí, kí ni wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn àyẹ̀wò?

Ẹ bi wọ́n, torí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Láti àwọn ọdún 1960 tí Robert Guthrie ti fi hàn pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí ìwé tó fún àyẹ̀wò ọmọ tuntun ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀. Ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àìsàn tó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kọ̀ ọ́. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni páálí tó ṣẹ́ kù, torí àbùdá ọmọ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ yẹn. Ní Texas, àwọn òbí pe ìjọba ìpínlẹ̀ wọn lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n tọ́jú páálí àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì lò ó fún ìwádìí láìgba àṣẹ. Ní ìparí 2009 ni ìjọba gbà láti ba páálí tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ láǹfààní bá a lọ. Ká ní wọ́n ti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ òbí ì bá ti gbà.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò. Ṣé kò séwu?

Ewu wà bí àdéhùn kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní London, ọsibítù Royal Free kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 1.6 aláìsàn fún DeepMind, ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ Google, láti fi dán áàpù tó ń tètè kìlọ̀ nípa kíndìnrín wò. Ní oṣù keje 2017, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìsọfúnni níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́ pé ọsibítù náà kò tẹ̀ lé òfin, pé àwọn aláìsàn kò lè ronú pé wọ́n á lo àkọsílẹ̀ àwọn bẹ́ẹ̀. Ètò rere ni wọ́n fẹ́ ṣe o. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kíndìnrín kò yọ lẹ́nu wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ rí nínú àdéhùn ni ohun tí wọ́n ń gbà, ohun tí wọ́n lè fi ṣe, ọjọ́ tí wọ́n á pa á rẹ́, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ tà á.

Bí ó bá jò ńkọ́?

Ó ti ń jò. Ní 2018, wọ́n jí àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 1.5 aláìsàn ní SingHealth, ẹgbẹ́ àwọn ọsibítù kan ní Singapore, ti olórí ìjọba orílẹ̀-èdè náà sì wà lára rẹ̀. Èyí tó hàn síta ní Finland ní 2020 ló burú jù létí mi: wọ́n jí ohun tí àwọn aláìsàn sọ fún olùtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìtọ́jú Vastaamo, olè náà sì kọ ímeèlì sí àwọn aláìsàn fúnra wọn pé kí wọ́n sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á tú u síta.

Ìwé ìpè kò lè jò ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìlà kan yẹn. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín pé ó ti jò, ẹ béèrè ohun tó jò gan-an, kí ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì fura sí ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lẹ́yìn náà tó ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ètò àyẹ̀wò, pàápàá tó bá ń béèrè owó tàbí nọ́ńbà báǹkì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ṣé kò sàn kí wọ́n má pín nǹkan kan rárá?

Èrò tó bójú mu ni, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba sọ fún ilé aṣòfin ní England pé àwọn obìnrin kan tó wà láàárín ọdún 68 sí 71 kò rí ìpè ìkẹyìn fún àyẹ̀wò ọmú. Wọ́n kọ́kọ́ ní wọ́n lè tó 450,000. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e mú un wálẹ̀ gan-an, ìwádìí sì fi hàn pé ìlànà kò sọ kedere ìgbà tó yẹ kí ìpè ìkẹyìn jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àkọsílẹ̀ tó jò ń pariwo ara rẹ̀, ó ń wọ ìwé ìròyìn. Lẹ́tà tí kò dé kì í pariwo. Obìnrin tí wọn kò pè kò mọ̀ pé wọn kò pe òun.

Fiona Caldicott, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn ní England, fi ìlànà keje kún ìlànà mẹ́fà àkọ́kọ́ ní 2013: pé ojúṣe láti pín ìsọfúnni lè ṣe pàtàkì bí ojúṣe láti dáàbò bo àṣírí. Òun kan náà ni ìmọ̀ràn rẹ̀ ní 2016 mú kí ìjọba pa ètò care.data tì, ètò tó fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àwọn dókítà àdúgbò jọ síbì kan, nígbà tó hàn pé aráàlú kò fọkàn tán an. Kò ta ko ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n pín in, kí ẹni tó ni ín sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo ti kó lọ sí ibòmíràn, mo sì ti pààrọ̀ dókítà. Ṣé wọ́n á ṣì rí mi?

Ẹ má gbára lé e. Ìwé orúkọ máa ń lọ́ra ju èèyàn lọ. Ẹ fún dókítà tuntun ní àdírẹ́sì tuntun, kí ẹ bi í bóyá ọjọ́ àyẹ̀wò yín tó kẹ́yìn ti dé ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì dé, ẹ mú èsì tó wà lọ́wọ́ yín lọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú yín. Bí ó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ kó lọ, ẹ gbà pé wọn kò mọ nǹkan kan nípa yín, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò tó bá yẹ ọjọ́ orí yín fúnra yín.